Ojú Ẹja Lórí Kámẹ́rà Rangefinder: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé

Lẹ́tà mẹ́rin ni a yàn nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé lórí: bí ènìyàn ṣe lè lo lẹ́ńsì tí wọ́n ń pè ní ojú ẹja, èyí tó ń rí ibi tó fẹ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kan náà, lórí kámẹ́rà onífíìmù tó jẹ́ rangefinder, ìyẹn irú kámẹ́rà tí a kì í gba inú lẹ́ńsì rẹ̀ wo ohun tí a fẹ́ yà, bí kò ṣe inú fèrèsé kékeré kan tó wà lókè rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Moscow ni bàbá mi ti kàwé, kámẹ́rà Zorki 4 kan sì ni wọ́n gbé bọ̀ wálé lọ́dún 1972. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa ipò dà ni ó ti wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e fún ẹni tó tún un ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú lẹ́ńsì Jupiter-8 tó bá a wá. Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi tó wà ní London fi lẹ́ńsì Zenitar ojú ẹja, 16 mìlímítà, ránṣẹ́ sí mi. Mo gbé e sẹ́nu kámẹ́rà náà, kò wọ̀ ọ́; ẹnu lẹ́ńsì fẹ̀ ju ti kámẹ́rà lọ díẹ̀. Ẹnì kan ní kí n ra òrùka pẹlẹbẹ kan tí yóò so wọ́n pọ̀. Ṣé òótọ́ ni pé òrùka náà á ṣe é? Ṣé ó tilẹ̀ yẹ kí ènìyàn lo irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ lórí kámẹ́rà tí kì í jẹ́ ká rí ohun tí lẹ́ńsì rí? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ogún bàbá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra òrùka pẹlẹbẹ yẹn. Yóò wọ ẹnu kámẹ́rà, lẹ́ńsì yóò sì wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tí yóò hàn kedere lórí fíìmù yín, ìbáà wà nítòsí, ìbáà wà lókèèrè.

Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo lẹ́ńsì ni wọ́n ti ṣe fún àyè pàtó kan láàárín ìdí rẹ̀ àti ojú fíìmù. Nínú Zorki, FED àti àwọn Leica àtijọ́ tí à ń fi lẹ́ńsì wé sí lẹ́nu bí ìdérí ìgò, àyè náà jẹ́ 28.8 mìlímítà. Kámẹ́rà oníjígí ni wọ́n ṣe Zenitar tiyín fún, irú èyí tí jígí kan dábùú inú rẹ̀, tó máa ń fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè dé ara fíìmù. Nítorí jígí yẹn ni wọ́n ṣe fi àyè 45.46 mìlímítà sílẹ̀ fún un. Ẹ yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀, 16.66 mìlímítà ni yóò ṣẹ́kù, òun gan-an sì ni ìnípọn tí òrùka ìsopọ̀ yín gbọ́dọ̀ ní. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó àtàǹpàkò yín, kì í ṣe òun.

Irú òrùka pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tà fún èmi náà nígbà kan. Mo gbé kámẹ́rà lọ sí Òkè Olúmọ, mo wọ abẹ́ àpáta lọ́hùn-ún níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, níbi tí òkúta ti bo ènìyàn lórí débi pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó lè rìn, mo sì ya fíìmù kan tán pátápátá síbẹ̀. Nígbà tí mo fọ fíìmù náà, kùrukùru ni mo bá nínú gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó gba àlàfo òkúta wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, n kò tíì rí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo ti padà síbẹ̀.

Ọ̀fìn kan tún wà nítòsí èyí. Àwọn kámẹ́rà Zenit àkọ́kọ́, tí wọ́n jẹ́ oníjígí, ní ẹnu tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 39 mìlímítà, bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti Zorki, ṣùgbọ́n àyè tiwọn láti ẹnu dé ojú fíìmù jẹ́ 45.2 mìlímítà. Nítorí náà, lẹ́ńsì Zenit àtijọ́ yóò wọ ẹnu Zorki wọ̀ọ̀rọ̀wọ́ láìsí òrùka kankan, ẹni tó lò ó á sì rò pé ohun gbogbo ti bọ́ sí i. Kí lẹ́ńsì wọ ẹnu kámẹ́rà kò túmọ̀ sí pé wọ́n bára wọn mu.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, mo dáhùn pé ó yẹ, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti gbà pé iṣẹ́ kan wà tí kámẹ́rà yín kò ní lè bá yín ṣe mọ́, tí ọwọ́ àti ojú yín yóò sì gbà á ṣe. Ẹ wo inú ihò tí à ń yọjú wò lẹ́yìn Zorki: ẹ ó rí ibì kékeré kan láàárín tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, tí ohun kan ṣoṣo máa ń hàn ní méjì nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń yí lẹ́ńsì Jupiter, méjì yẹn á máa súnmọ́ ara wọn títí wọn á fi di ọ̀kan, ìgbà náà ni ẹ ó mọ̀ pé ojú lẹ́ńsì ti mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ yà. Irin kékeré kan tó wà nínú ẹnu kámẹ́rà, lápá òkè, tó ń fara ti ìdí lẹ́ńsì, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Zenitar àti òrùka rẹ̀ kò ní ohun tí irin yẹn lè fara tì, nítorí náà bó ti wù kí ẹ yí lẹ́ńsì tó, ojú kan ni méjì náà yóò wà. Ẹ gbójú kúrò lára rẹ̀. Ẹ tún gbójú kúrò lára fèrèsé náà fúnra rẹ̀, nítorí pé lẹ́ńsì 50 mìlímítà ni wọ́n fi ìwọ̀n rẹ̀ sí, tiyín sì ń rí ìdajì ayé, 180 dígírì láti igun kan fọ́tò sí igun kejì tó dojú kọ ọ́.

Ohun tó ń gba ènìyàn sílẹ̀ ni pé lẹ́ńsì tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ kì í nílò kí a máa wá ojú rẹ̀ kiri. Bí ẹ bá fi ihò ìmọ́lẹ̀ sí f/8, tí ẹ sì yí òrùka ìwọ̀n jíjìnnà sí mítà kan ó lé díẹ̀, ohun gbogbo láti nǹkan bíi 55 sẹ̀ǹtímítà títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀ ni yóò hàn kedere. Bí ẹ bá dín ihò náà kù sí f/11, ẹ gbé òrùka sí 80 sẹ̀ǹtímítà, yóò sì mọ́ láti bíi 40 sẹ̀ǹtímítà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré tí ẹ sì ní láti ṣí i sí f/5.6, ẹ gbé òrùka sí mítà kan ààbọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ohun tí ẹ fẹ́ yà súnmọ́ yín ju 77 sẹ̀ǹtímítà lọ. Téèpù téélọ̀ ni mo máa ń mú dání fún iṣẹ́ yìí. Téèpù náà gùn tó mítà kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Bí mo bá ṣẹ́ ẹ po sí méjì, nǹkan bíi 76 sẹ̀ǹtímítà ni, ó sì rọrùn láti na orí rẹ̀ kan mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà níbi tí fíìmù wà, kí n na èkejì sí iwájú ẹni tí mo fẹ́ yà. Lẹ́yìn fíìmù méjì tàbí mẹ́ta, ẹ kò ní nílò téèpù mọ́, apá yín yóò ti mọ̀ ọ́n.

Zorki kò ní ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, àǹfààní ni mo sì ka èyí sí pẹ̀lú lẹ́ńsì yìí. Ojú ọ̀run máa ń gba apá tó pọ̀ nínú ohun tí ojú ẹja ń rí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì máa ń tan ẹ̀rọ ìwọ̀n jẹ, tí yóò fi sọ pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, tí ojú àwọn ènìyàn yóò sì ṣú nínú fọ́tò. Ẹ̀yin ẹ wo oòrùn fúnra yín. Lọ́sàn-án tí oòrùn ràn dáadáa, bí fíìmù yín bá jẹ́ ISO 200, f/11 pẹ̀lú ìyára ṣọ́tà 1/500 yóò bá a mu; ṣọ́tà ni aṣọ tó ń ṣí tó sì ń padé níwájú fíìmù. Bí ọyẹ́ bá ti bo oòrùn lójú, ẹ fa ìyára ṣọ́tà wálẹ̀ sí 1/250. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa fíìmù síwájú kí ẹ tó yí ìyára ṣọ́tà padà; Zorki 4 kì í fẹ́ kí a fọwọ́ kan án nígbà tí a kò tíì fà á, ó lè bà á jẹ́ nínú. Bákan náà, gíláàsì aláwọ̀ kékeré kan wà tí à ń yí wọ ìdí Zenitar. Apá kan lára lẹ́ńsì náà ni, kò gbọdọ̀ sí nǹkan tí yóò mú kí ẹ yọ ọ́ láìfi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Láti orí òkè Mápó, tí ẹ bá kọjú sí àwọn òrùlé onípáànù yẹn, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ wá ohun kan tó súnmọ́ yín fi síwájú, ìbáà jẹ́ irin ojú ọ̀nà tàbí ọmọ tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, nítorí pé lójú lẹ́ńsì yìí, ohun tó wà ní mítà mẹ́wàá ti di kóńkóló.

Ìbéèrè: Ẹ kú déédéé ìwòyí o. London ni mò ń gbé, èmi ni mo sì máa ń ya fọ́tò ìsìn àti ìkórè ní ìjọ aláṣọ funfun wa. Leica M6 ni mò ń lò. Mo ra lẹ́ńsì ojú ẹja TTArtisan, 11 mìlímítà f/2.8, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹnu Leica M, nítorí pé gbọ̀ngàn wa kò fẹ̀ tó láti sún sẹ́yìn. N kò mọ ohun tó ń wọ inú fọ́tò àti ohun tí kò wọ̀ ọ́. Ìka ọwọ́ mi wà nínú fọ́tò mọ́kànlá nínú fíìmù tí mo kọ́kọ́ yà. Àwọn tó dúró létí tẹ̀ bí igi ọ̀pẹ tí ìjì ń fẹ́, aṣọ funfun gbogbo wa sì di àwọ̀ eérú. Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. — Ìyá Ìjọ kan, London.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Ìyá wa. Ọ̀nà tó ṣe tààrà ni ẹ gbà ra lẹ́ńsì yín, nítorí pé òun kò nílò òrùka kankan, ó sì tọ́ fún gbọ̀ngàn tí kò fẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ohun tó ń wọ fọ́tò. Nínú àwọn ìlà tó ń fi ààlà fọ́tò hàn nínú fèrèsé M6, èyí tó fẹ̀ jù lọ ni ti lẹ́ńsì 28 mìlímítà, èyí tó ń rí nǹkan bíi 75 dígírì láti igun dé igun. Èyí tó lé ní ìdajì ohun tí lẹ́ńsì yín ń rí ni fèrèsé náà kò mọ̀ pé ó wà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan péré, nínú gbọ̀ngàn yẹn gan-an, ní ọjọ́ tí kò sí ìsìn. Ẹ yọ fíìmù kúrò, ẹ ṣí ìsàlẹ̀ kámẹ́rà àti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gé bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn ayàwòrán ilé máa ń lò, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú irin tí fíìmù máa ń gbà kọjá, láìfi ọwọ́ kan aṣọ ṣọ́tà. Ẹ gbé ṣọ́tà sí B, ẹ fi okùn ìtẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì há a síbẹ̀ kó lè máa ṣí. Bí ẹ bá fi aṣọ dúdú borí, ẹ ó rí gbọ̀ngàn yín lórí bébà náà, ní ìdojúdé, ó kéré bí òǹtẹ̀ ìwé. Ẹ ó rí fèrèsé ọ̀tún àti ti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó rí iná òkè àjà àti ẹsẹ̀ àga tó wà lábẹ́ àgbọ̀n yín. Ẹ sún kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀, ẹ wo bí ìlà pẹpẹ ṣe ń tẹ̀ bó bá ti kúrò láàárín, kí ẹ wo ibi tí ó ti nà gbọnrangandan. Ìdajì wákàtí tí ẹ bá fi ṣe èyí yóò kọ́ yín ju fíìmù márùn-ún lọ. Ó rọrùn fún ẹni tó bá ní Zorki 4 tàbí FED-2 ju yín lọ, nítorí pé gbogbo ẹ̀yìn tiwọn ló máa ń yọ.

Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá ṣì ń fẹ́ ohun tí ẹ ó máa yọjú wò, ẹ ra gíláàsì kékeré tí wọ́n máa ń fi sójú ilẹ̀kùn láti wo àlejò tó ń kanlẹ̀kùn. Òun náà ń rí ibi tó fẹ̀ gan-an, ó sì ń mú gbogbo rẹ̀ wá sínú òbìrípo kan bí ojú ẹja. Ẹ gbẹ́ ìdérí ìgò onípákó, ẹ há gíláàsì náà sí i láàárín, kí ẹ sì rọ ọ́ mọ́ ibi tí à ń fi iná kámẹ́rà sí lókè. Kò ní fún yín ní ààlà tó péye, ṣùgbọ́n yóò sọ fún yín bí ẹnì kan bá wà létí tí ẹ kò kà kún.

Ọ̀rọ̀ ìka kò le. Àwọn lẹ́ńsì gígùn ti mọ́ wa lára débi pé ọwọ́ òsì wa máa ń di ara wọn mú láti iwájú. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì sí abẹ́ kámẹ́rà, kí ìka má yọ síwájú rárá, kí ẹ ká okùn ọrùn kámẹ́rà mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ sì rántí pé bí ẹ bá dojú lẹ́ńsì kọ ilẹ̀ díẹ̀, bàtà yín ti wọlé nìyẹn.

Ní ti àwọn tó tẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìlà èyíkéyìí tó bá gba àárín gbùngbùn fọ́tò kọjá kì í tẹ̀, ìbáà dúró, ìbáà dábùú. Èyí tó bá wà lókè àárín máa ń ṣe ikùn sókè bí òṣùmàrè, èyí tó bá wà nísàlẹ̀ máa ń rì bí ikùn igbá. Nítorí náà, ẹ dúró sí àárín ọ̀nà tó wà láàárín àga, ẹ jẹ́ kí òpó tàbí àgbélébùú pẹpẹ bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́, ẹ sì jẹ́ kí kámẹ́rà dọ́gba. Irin tí bíríkìlà fi ń wo bóyá ògiri dọ́gba, tí ìfófòó omi kan wà nínú rẹ̀, wọ́n ń ṣe kékeré rẹ̀ tó lè jókòó sórí kámẹ́rà. Bí ẹ bá to ẹgbẹ́ akọrin ní ìlà gbọọrọ, àwọn tó wà létí yóò kéré ju àwọn àárín lọ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yí yín ká ní ìlàjì òbìrípo, ìwọ̀n wọn yóò súnmọ́ra. Mi ò gbà kí a fi ojú àgbàlagbà sí igun fọ́tò irú lẹ́ńsì yìí láéláé. Ojú tó gùn bí ìbẹ́pẹ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi rántí ọjọ́ ìkórè.

Aṣọ funfun di eérú nítorí pé M6 ń wọn ìmọ́lẹ̀ láti ara àmì funfun róbótó kan tó wà lára aṣọ ṣọ́tà rẹ̀, ó sì gbà pé ohun gbogbo tó wà níwájú rẹ̀ kò funfun, kò dúdú. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn wọ funfun síwájú rẹ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ fi ìpele ìmọ́lẹ̀ kan tàbí ìpele kan ààbọ̀ kún ohun tó bá sọ. Ẹ sì má bẹ̀rù ibi tí kò mọ́lẹ̀: pẹ̀lú lẹ́ńsì 11 mìlímítà, ní f/4, tí ẹ bá gbé òrùka sí mítà kan, láti ìdajì mítà dé ògiri ẹ̀yìn ni yóò mọ́, ọwọ́ tó bá sì dúró pẹ́ lè mú 1/15 láìgbọ̀n, bí àwọn tí ẹ ń yà kò bá jó lákòókò yẹn.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta. Ẹnì kan kọ́ wa pé kámẹ́rà oníjígí nìkan ni a lè fi ojú ẹja ya fọ́tò, torí pé a gbọ́dọ̀ rí ohun tí lẹ́ńsì rí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló sì dé tí wọ́n ń pè é ní ojú ẹja nígbà tí kò jọ ojú ẹja?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀, ìtàn lẹ́ńsì náà gan-an ló sì já a. Kì í ṣe nítorí bí ó ṣe rí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ, nítorí ohun tí ẹja ń rí ni. Bí o bá mòòkùn sínú omi tó pa rọ́rọ́, tí o sì kọjú sókè, ìwọ yóò rí gbogbo òde ayé, láti etídò ọ̀tún dé etídò òsì, tó rọ́ sínú òbìrípo kan lókè orí rẹ, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 97 dígírì lọ. Lẹ́yìn òbìrípo náà, omi nìkan ni. Robert W. Wood, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, fẹ́ mọ bí ẹja ṣe ń rí wa, ó fi omi kún inú ohun ìyàwòrán tó ní ihò kékeré kan, ó sì ya fọ́tò láti inú omi náà. Òun ló kọ́kọ́ lo orúkọ náà, lọ́dún 1906. Lọ́dún 1924, Robin Hill, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn onímọ̀ ewéko mọ̀ dáadáa lẹ́yìn náà, gbé lẹ́ńsì onígíláàsì jáde láti fi ya gbogbo ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè máa ṣàyẹ̀wò ìkùukùu. Kámẹ́rà tirẹ̀ dojú kọ òkè. Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti yọjú wo inú rẹ̀.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Lọ́dún 1962 tí Nikon ṣe ojú ẹja 8 mìlímítà f/8 fún kámẹ́rà Nikon F tó jẹ́ oníjígí, ìdí lẹ́ńsì náà wọnú kámẹ́rà jìnnà débi pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé jígí sókè kí a sì ti í síbẹ̀ kó tó lè wọlé. Bí jígí bá ti wà lókè, ojú kámẹ́rà ti fọ́ nìyẹn, ẹni tó ń lò ó kò lè rí ohunkóhun gba inú lẹ́ńsì mọ́. Fèrèsé mìíràn tí wọ́n fi sórí rẹ̀ ni yóò máa yọjú wò. Ohun tí ẹni tó ní rangefinder ń ṣe lónìí gẹ́lẹ́ ni àwọn yẹn ń ṣe. Sọ èyí fún ẹni tó kọ́ ọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìbéèrè: Mo kí yín o. Leica M4 ni mò ń lò, mo sì fi òrùka so lẹ́ńsì ojú ẹja Peleng 8 mìlímítà mọ́ ọn. Fọ́tò róbótó ló máa ń yà, ó sì wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n ilé ìfọ̀fọ́tò tí mo gbé fíìmù lọ gé gbogbo rẹ̀ láàárín: ìdajì òbìrípo kan wà lórí abala kan, ìdajì kejì wà lórí òmíràn. Ta ló jẹ̀bi? Ọ̀rẹ́ mi kan tún ń béèrè bóyá kí òun ra rangefinder kí òun lè máa ya irú èyí. — Òǹkàwé kan, Èkó.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kó má rà á nítorí èyí nìkan. Ẹni tí kò bá tíì ní kámẹ́rà kankan, tí ojú ẹja sì ni ohun tó wù ú, kámẹ́rà oníjígí àtijọ́ bíi Pentax Spotmatic yóò gba Peleng yẹn láìsí òrùka, yóò sì fi ohun gbogbo hàn án. Èmi ń gba àwọn tó ti fẹ́ràn rangefinder níyànjú ni, àwọn tó jẹ́ pé òun ló máa ń wà lọ́rùn wọn lójoojúmọ́, nítorí ó dùn mọ́ mi láti rìn wọ inú ọjà pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré tí ṣọ́tà rẹ̀ kì í pariwo, kí n súnmọ́ oníṣòwò débi tí a ti lè máa bá ara wa sọ̀rọ̀, kí n sì yà á láìgbé kámẹ́rà bo ojú ara mi.

Ní ti fíìmù, n kò lè dá ilé ìfọ̀fọ́tò náà lẹ́bi pátápátá. Òkùnkùn ló yí òbìrípo tí Peleng ń yà ká, òkùnkùn kì í sì í fi àmì kankan sílẹ̀ lórí nẹ́gẹ́tíìfù. Ibẹ̀ á mọ́ kedere bí àlàfo tó wà láàárín fọ́tò kan àti èkejì. Ẹ̀rọ tàbí ẹni tó ń gé e kò wá rí ibi tí ọ̀kan ti parí. Ẹ fi lẹ́ńsì yín tó wọ́pọ̀ ya fọ́tò àkọ́kọ́ nínú gbogbo fíìmù, ti ohun tó mọ́lẹ̀ dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tó gbé Peleng sí i. Nígbà tí ẹ bá gbé e lọ fọ̀, ẹ kọ ọ́ sára àpò rẹ̀ gàdàgbà pé kí wọ́n má gé e, kí wọ́n ká a bẹ́ẹ̀ fún yín. Nílé, ẹ tẹ́ ẹ sórí fóònù tí ojú rẹ̀ funfun, ẹ wá etí fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ máa ka àwọn ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù láti ibẹ̀ lọ: ihò mẹ́jọ ni fọ́tò kan, ìyẹn 38 mìlímítà pẹ̀lú àlàfo rẹ̀. Bí ẹ bá ti ka ihò méjìdínláàádọ́ta, fọ́tò mẹ́fà ti pé, ẹ lè fi sísọ́ọ̀sì gé e níbẹ̀.